Bọ́tìnnì Kan Ṣoṣo

Ulaanbaatar, oṣù kìíní. Òtútù ti wọ ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo;
itọ́ tí o bá tu á ti di òkúta kó tó kanlẹ̀.
Yàrá abẹ́ ilé alájà mẹ́sàn-án
ni èmi Tömörkhuu ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe,
pẹ̀lú iná tábìlì kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́ta,
àti agolo bọ́tà àtijọ́ tí mo kó síkúrúù sí.

Màmá Dulamsuren wọlé, yìnyín lórí ìpéǹpéjú.
Ó yọ láàpútọ́ọ̀pù láti inú ẹ̀wù onírun rẹ̀
bí ẹni yọ ọmọ àgùntàn tí wọ́n bí lóru.

"Bátìrì á ní òun ṣì ku ogójì nínú ọgọ́rùn-ún,
kí n tó dé ibùdókọ̀, ojú rẹ̀ ti ṣú.
Lẹ́tà kan sì wà tí kò jáde mọ́,
èyí tó rí roboto bí ẹyin,
tí wọ́n fi ìgbànú dì ní ìbàdí.
Ọkùnrin ìsọ̀ òkè ní kí n sọ ọ́ nù, kí n ra tuntun."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo ní, Màmá, ẹ má tíì tàn án.
Ẹ jẹ́ kó jókòó ná, kí ara rẹ̀ móoru bí àlejò.
Ohun tó ti inú òtútù kó sínú ooru
á máa làágùn; òógùn yẹn ló ń pa wọ́n.
A mu tíì oníyọ̀. Ó gbé ife tirẹ̀ jìnnà sí tábìlì.
Ohun kan yé mi níbẹ̀.

"Ẹ ti da tíì sí i rí."
Ó wo ilẹ̀. "Nígbà ìrúwé. Díẹ̀ ni."
"Kí lẹ wá ṣe?"
"Mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ."
Háà! Atẹ́gùn gbígbóná tí ń lé wàrà wọnú!
Pípa la kọ́kọ́ ń pa á, a ó yọ ṣájà,
a ó dà á délẹ̀ bí àgọ́, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.
Ìkánjú kò gbẹ ohunkóhun rí.

Mo so kíbọ́ọ̀dù mìíràn mọ́ ọn létí.
Lẹ́tà onígbànú jáde wẹ́rẹ́.
Kò sí àrùn nínú ọpọlọ rẹ̀, nìyẹn; ìka ló ń dùn ún.
Mo ṣí bọ́tìnnì náà, mo fi sípírítì nu abẹ́ rẹ̀:
wàrà gbígbẹ, irun ológbò, èérún bíṣíkíìtì.
Mo dá a padà. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn.
Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo ṣàkíyèsí:
ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí tábìlì títẹ́jú.
Mo tú síkúrúù mọ́kànlá. Mo ṣí ìdí rẹ̀.
Bátìrì ti wú bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀,
ó ń fi èjìká ti kíbọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀,
bọ́tìnnì kò ráyè wọlẹ̀.
Àrùn méjì tí Màmá kà sílẹ̀,
ìyá kan náà ló bí wọn.

Mi ò gún un, mi ò tẹ̀ ẹ́. Iná ń sùn níbẹ̀.
Mo gbé e sínú garawa oníyanrìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
"Ṣé orí ṣájà ló ń sùn lálaalẹ́?"
"Láti ọdún mẹ́fà."
"Tuntun yìí, tó bá ti tó ọgọ́rin, ẹ já a.
Tí ẹ bá sì ń jáde, àyà yín ni kó máa gbé."

Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn aláìsàn.
Ẹyin onígbànú bọ́ sójú ìwé.
Ölzii. Orúkọ ọkọ rẹ̀ olóògbé ni.
Ìwé nípa àwọ̀ àwọn ẹṣin ọkùnrin yẹn ló ń kọ,
láti ìgbà ìwọ́wé ló sì ti ń kọ orúkọ náà láìlórí,
pẹ̀lú àlàfo níwájú,
bí ẹnu tí eyín iwájú ti ká.

Kò bi mí ní iye owó. Ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́,
ó ń dí àlàfo náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀. Mo tún gbé omi tíì kaná.
Ife tirẹ̀, ojú fèrèsé ni mo gbé e sí.